Ṣé Awò Ìbọn Oní-lésà Tó Rà? Ẹ Jẹ́ Ká Bi Ogun Kírìjì

 Ọ̀rọ̀ tòní dá lórí ìbéèrè kan tó ń wá lemọ́lemọ́. Awò kan wà tí àwọn oníbọn ń gbé lé orí ráífù báyìí. Ó ní iná lésà nínú. Yóò wọn bí ohun tí o fẹ́ yìn ṣe jìnnà tó, yóò sì fi ibi tó yẹ kí o fojú sùn hàn ọ́. Owó rẹ̀ lè ju 1,000 pọ́n-ùn lọ dáadáa. Ìbéèrè náà ni pé, ṣé ó tó rà?

Àwọn kan ń béèrè nítorí pé wọ́n máa ń lọ yìnbọn ní pápá Bisley ní Surrey. Àwọn míì ń béèrè nítorí pé wọ́n ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá tó jẹ́ ọdẹ nílé, tàbí tó ń bá wọn ṣọ́ ìlú lóru, wọ́n sì fẹ́ fi ọ̀kan sínú dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kó ránṣẹ́.

Ìdáhùn kúkúrú nìyí: fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú yín, kò tó rà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ gbà á bẹ́ẹ̀ lásán. Ìdí rẹ̀ wà nínú ìtàn tiwa fúnra wa. Ní nǹkan bí 140 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọmọ Yorùbá tó ti kúrò nílé, tí wọ́n ti rí owó ṣe ní Èkó lábẹ́ ìjọba òyìnbó, dáwó jọ. Wọ́n ra ìbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tó wà nílé kò tíì rí irú rẹ̀ rí, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn tí ogun ká mọ́. Ohun tí ẹ ń gbèrò yìí, wọ́n ti ṣe é rí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí owó wọn rà, àti ohun tí kò lè rà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí awò náà ń ṣe. Ọta ìbọn kì í lọ gbọnrangandan. Bó ti ń kúrò lẹ́nu ìbọn ni ó ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òkò tí ọmọdé sọ sí máńgòrò. Bí máńgòrò bá jìnnà, ọmọ náà á sọ òkò rẹ̀ sókè díẹ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni oníbọn náà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kó tó mọ bí yóò ṣe gbé ẹnu ìbọn sókè tó, ó gbọ́dọ̀ mọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà tó. Iṣẹ́ lésà nìyẹn. Awò náà á ta iná tí ojú kò lè rí, iná náà á lu ohun tó wà níwájú, á sì padà wá. Bí nǹkan bá wà ní 150 mítà, àlọ àti àbọ̀ iná yẹn kò ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Kọ̀ǹpútà kékeré inú awò á ka àkókò náà, á yí i padà sí mítà tàbí yáàdì, á sì tan àmì kan síbi tó yẹ. Burris, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ń ta irú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Eliminator.

Ohun tuntun ni lésà, ṣùgbọ́n ìṣòro tó wá yanjú kì í ṣe tuntun. Ìtòsí wa níbí ni a ti lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn rẹ̀.

Bí ẹ bá gba Peckham Road lọ sí Camberwell, tí ẹ rìn síwájú díẹ̀, ẹ ó dé Flodden Road. Ibẹ̀ ni ibùdó ẹgbẹ́ ológun kan tó ń jẹ́ 1st Surrey Rifles wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kì í ṣe àwọn tó fi iṣẹ́ ogun jẹun. Ará àdúgbò ni wọ́n, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ oòjọ́ wọn, tí wọ́n sì fínnú fíndọ̀ wá kọ́ ìbọn. Ọdún 1859 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, nígbà tí ẹ̀rù ń ba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé Faransé lè gbógun wá. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn tó ń fi ráífù díje sílẹ̀, National Rifle Association. Ní oṣù keje ọdún 1860, wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní Wimbledon Common, ìhà ibi tí a wà yìí náà ni. Ọbabìnrin Victoria fúnra rẹ̀ ló yin ìbọn tí wọ́n fi ṣí i. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ń díje níbẹ̀ kí wọ́n tó kó lọ sí Bisley ní 1890.

Ìbọn tí wọ́n ń lò nígbà yẹn ni Enfield ti ọdún 1853. Lórí rẹ̀, àkàbà irin kékeré kan wà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Bí ọ̀tá bá wà ní 500 yáàdì, o máa fa irin náà sókè dé 500, o máa fojú sùn, o máa yìn. Ìbéèrè ni pé, ta ló sọ fún ọ pé 500 yáàdì ni? Kò sí lésà. Ojú ẹni ni. Ìdí nìyẹn tí ilé ẹ̀kọ́ ìbọn tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Hythe, ní Kent, ní 1853, fi sọ wíwọn ọ̀nà pẹ̀lú ojú di ẹ̀kọ́ pàtàkì. Wọ́n á tò àwọn ènìyàn sí pápá, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lókèèrè. Ọmọ ogun á wo ohun tó lè rí lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: ojú rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀, apá rẹ̀, tàbí òjìji rẹ̀ lásán. Wọ́n á ṣe é títí yóò fi mọ́ ojú wọn lára.

Kì í ṣe eré. Ọta ìgbà náà wúwo, kò sì yára. Bí ẹni tí o fẹ́ yìn bá wà ní 500 yáàdì, tí ìwọ rò pé 550 ni, ọta rẹ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Bí o bá rò pé 450 ni, ilẹ̀ iwájú rẹ̀ ni yóò bà. Ìbọn rẹ lè dára tó ẹgbẹ̀rún ìbọn, bí ojú rẹ bá ṣì ọ̀nà wọ̀n, ariwo lásán lo pa.

Ní 1866, ìjọba gba àbá Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà kan. Wọ́n gé ìdí Enfield, wọ́n fi ìlẹ̀kùn kékeré sí i, ó di ìbọn tí wọ́n ń kì lẹ́yìn dípò ẹnu. Ẹni tó ń yin ìbọn mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan tẹ́lẹ̀ lè yin tó mẹ́wàá báyìí, ó sì lè dùbúlẹ̀ kì í, kí ọ̀tá má rí i. Ní 1871, òmíràn tún dé, Martini-Henry. Ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Nígbà tí tuntun bá dé, àtijọ́ á di títà. Snider tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ ju sílẹ̀ wá di ìbọn ìyanu ní ibòmíràn. Ibòmíràn yẹn ni ilé wa.

Ó yẹ kí ẹ̀yin tí a bí síbí mọ bí ogun náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, Ìbàdàn ló wá di alágbára jù nínú àwọn ìlú Yorùbá. Ó ṣẹ́gun Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìgbómìnà àti Àkókó, ó sì fi àwọn ajẹ́lẹ̀ sí ìlú wọn láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn ajẹ́lẹ̀ yìí àti àwọn ènìyàn wọn fi ojú àwọn onílùú rí màbo. Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí fi idà pa àwọn aṣojú Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ìlú sì dìde. Wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀. Ògèdèǹgbé ti Iléṣà di olórí ogun wọn. Ààrẹ Látòósà ló kó ogun Ìbàdàn jáde. Ìbàdàn pàgọ́ sí ìhà Ìgbájọ, Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sí ìhà Ìmẹ̀sí-Ilé, òkè àti àfonífojì sì wà láàárín wọn.

Lákọ̀ọ́kọ́, ṣakabùlà ni ìhà méjèèjì ní. Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, ó pẹ́ kí ènìyàn tó tún un kì. Ọ̀pọ̀ kì í gbé e lé èjìká, nítorí pé ó ń ta ni dà sẹ́yìn. Wọ́n á nà án síwájú, wọ́n á yìn ín. Ìbọn tí wọ́n ń yìn báyìí kò nílò àkàbà irin, kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wọn ọ̀nà. O ní láti sún mọ́ ọ̀tá débi tí o fi lè rí ojú rẹ̀. Nínú irú ogun bẹ́ẹ̀, ẹni tó pọ̀ jù, tó sì láyà jù, ló ń borí. Ìbàdàn pọ̀, ó sì láyà.

Ibí ni àwọn ará Èkó ti wọ inú ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ló wà ní Èkó nígbà náà. Àwọn kan jẹ́ Sàró, tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ẹrú, tí wọ́n gbé ní Sierra Leone kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn kan jẹ́ Àgùdà, tí wọ́n ti Brazil dé. Wọ́n ń ṣòwò, wọ́n ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọ lẹ́tà lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n wọn kò gbàgbé ilé. Wọ́n dá Ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Joseph Pythagoras Haastrup, oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀ṣà, wà lára àwọn òpó rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti ìpàdé àti jíjẹ mímu nìkan. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń bá gómìnà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ń ra ìbọn. Kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí àwọn òbí yín ń lọ ìpàdé rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sátidé.

Ìbọn wo ni wọ́n rà? Snider, Martini-Henry, àti irú wọn. Ọ̀nà Oǹdó ni wọ́n gbà kó wọn lọ. Ọ̀nà yẹn ni John Glover, gómìnà Èkó, ti rán ènìyàn láti ṣí ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870, kí ọjà lè máa lọ sókè láì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nìyí: kì í ṣe ìbọn nìkan ló lọ. Àwọn kan tó mọ ìbọn náà lò láti Èkó lọ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n jà, wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé.

Ohùn ìbọn tó ń dún láàárín àwọn òkè yẹn, kí-rì-jì, kí-rì-jì, ló sọ ogun náà lórúkọ. Ìbàdàn rí ohun tí kò rí rí. Kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó dé ibi tí ṣakabùlà tiwọn ti lè ṣe ọṣẹ́, ọta àwọn Èkìtìparapọ̀ ti ń bá wọn. Iye ènìyàn àti ìgboyà kò tó mọ́. Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú sì ti dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn, tí iyọ̀ àti ẹ̀tù fi wọ́n. Ìbàdàn tó ti ń ṣẹ́gun láti ọdún pípẹ́ kò lè kọjá àfonífojì kan.

Ṣé Èkìtìparapọ̀ wá lé Ìbàdàn lọ? Rárá o. Wọn kò lè lé e. Nígbà tó yá, Ìbàdàn náà wá ọgbọ́n rí díẹ̀ rà nínú irú ìbọn wọ̀nyí. Àwọn méjèèjì mọ odi, wọ́n jókòó ti ara wọn. Àgọ́ di ìlú. Wọ́n kọ́lé, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀. Látòósà kú sí àgọ́ ní 1885, ogun kò parí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló bẹ̀rẹ̀ sí í parí rẹ̀. Àwọn àlùfáà bíi Samuel Johnson àti Charles Phillips gbé ọ̀rọ̀ lọ, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886. Síbẹ̀, ó di 1893 kí gómìnà Gilbert Carter tó wá rí i pé àwọn àgọ́ tú pátápátá. Johnson yìí náà ló kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó jáde ní 1921, lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Nítorí náà, kí ni owó àwọn ará Èkó rà? Ẹ má jẹ́ ká fojú kéré rẹ̀. Ìbọn náà ra òmìnira. Ìbàdàn kò tún fi ajẹ́lẹ̀ jẹ lé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lórí mọ́. Fún ẹni tí wọ́n ti kó ọmọ rẹ̀ lẹ́rú rí, ohun ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò ra ìṣẹ́gun, kò sì ra àlàáfíà. Ohun tó rà pàápàá, ìbọn nìkan kọ́ ló rà á. Nǹkan mẹ́rin ló pé: ìbọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ọta, àti ọ̀nà tí ọta ń gbà wọlé. Ṣakabùlà, alágbẹ̀dẹ ìlú lè tún un ṣe, ó sì lè rọ ọta fún un. Snider ń fẹ́ ọta tí wọ́n ti di ẹ̀tù mọ́ láti òkè òkun. Ọjọ́ tí ọ̀nà Oǹdó bá dí, igi lásán ló di.

Bí ẹ bá fẹ́ rí ohun tí ìbọn tuntun ń ṣe lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ rẹ̀, ẹ wo ibi méjì. Ní 1879, ní gúúsù Áfíríkà, àwọn Zulu ti gba Martini-Henry lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Isandlwana. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn, wọ́n yin ìbọn wọ̀nyí kan náà ní Khambula. Èyí tó pọ̀ nínú ọta wọn gba orí àwọn ọ̀tá kọjá. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní ohun tí àkàbà irin yẹn wà fún. Ẹ̀kejì sún mọ́ wa. Ní 1892, nígbà tí ogun Gẹ̀ẹ́sì wá bá Ìjẹ̀bú, àwọn Ìjẹ̀bú ní Snider díẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ ṣakabùlà. Ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kò tó ẹgbẹ̀rún kan, Ìjẹ̀bú sì jù wọ́n lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá náà ní ìbọn Maxim àti ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù karùn-ún, ní Ìmàgbọn, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbà. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun èlò ìwọn-ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ní 1888, nígbà tí àwọn ènìyàn wa ṣì wà nínú àgọ́ ní Kírìjì, ilé iṣẹ́ ogun Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn ń wá ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ lè fi wọn ọ̀nà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n méjì ní Leeds, Archibald Barr àti William Stroud, ṣe ọ̀kan. Awò méjì ló ní, ọ̀kan ní ìgun kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ kò gba tiwọn. Àwọn ọmọ ogun ojú omi ló gbà á. Kí nìdí tó fi bá ọkọ̀ ojú omi mu? Ẹni tó wà lórí òkun ń yin àgbá sí ohun tó wà ní máìlì púpọ̀, kò sí igi tàbí ilé tó lè fi ṣe òṣùwọ̀n. Ojú ò ká a mọ́ níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lésà. Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní California ní ọdún 1960. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọn ọ̀nà, ọkọ̀ ogun onírin sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà jíjìn ni àgbá rẹ̀ ń ta. Ẹ ti rí i pé ìtàn méjèèjì jọra. Ohun èlò ìwọn-ọ̀nà ń sanwó ara rẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti jìn ju ohun tí ojú lè wọ̀n. Níbi tí ọ̀nà kò bá jìn, ọ̀ṣọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi èyí yẹ ọ̀rọ̀ tiwa wò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Bisley, ẹ̀yin ni ẹ nílò rẹ̀ jù ní kíkéré. Wọ́n ti wọn pápá ibẹ̀ fún yín: 300 yáàdì, 600, títí dé 1,000. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló máa san 1,000 pọ́n-ùn kí wọ́n lè ka nọ́ńbà tó ti wà lára pátákó fún un? Ohun tó ń dààmú ènìyàn ní Bisley ni afẹ́fẹ́, lésà yín kò sì lè wọn afẹ́fẹ́ fún yín.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ìwé àṣẹ láti yin àgbọ̀nrín nínú igbó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo ìṣirò yìí. Ráífù .308, bí ẹ bá ti tò ó sí 100 yáàdì, ọta rẹ̀ á ti lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí íǹṣì 4 ní 200 yáàdì. Ní 300, ó ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ. Nínú igbó, ẹran kì í sábà jìnnà tó 200. Láàárín 100 yáàdì àti díẹ̀ sí i, ibi tí ẹ fojú sùn náà ni ọta máa bà. Ohun tí ìbọn tuntun òde òní fi ju Snider lọ nìyẹn: ọta rẹ̀ yára, ìyẹn sì ti bá yín yanjú ìdajì ìṣòro ọ̀nà.

Lórí òkè gbalasa ní Scotland, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ọ̀nà lè jìn níbẹ̀, ojú sì lè tan ni jẹ. Níbẹ̀, ìwọn-ọ̀nà wúlò. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń mú lọ́wọ́, tí kò so mọ́ ìbọn, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Bí ìwọn-ọ̀nà bá wà nínú awò orí ìbọn, kí o tó lè wọn nǹkan, o gbọ́dọ̀ na ìbọn sí i. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló ń bọ̀ lọ́nà ńkọ́? Àwọn àgbà wa ní, bí ìbọn ní apátí, bí kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ẹ fi ohun tí kì í ṣe ìbọn wọn ọ̀nà.

Àwọn tó ń fi ìbọn afẹ́fẹ́ díje náà ń béèrè. Ọta ìbọn yẹn máa ń tètè wálẹ̀, nítorí náà mímọ ọ̀nà ṣe pàtàkì gan-an níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdíje tí wọ́n ń pè ní Hunter Field Target, wọn kò gba lésà láàyè. Kíkọ́ ojú láti wọn ọ̀nà gan-an ni eré náà, bíi ti Hythe ní 1853.

Ó wá ku ẹ̀yin onídúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ṣeréṣeré. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2022, àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì St Francis ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n sì pa nǹkan bí 40 ènìyàn. Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ mẹ́fà ti kó Àmọ̀tẹ́kùn jáde ní Ìbàdàn nítorí ìjínigbé àti ìpànìyàn. Bí ẹni tó wà ní Peckham bá ń ronú ohun tó lè fi ran ará ilé lọ́wọ́, ọmọ gidi ni. Haastrup àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ronú bẹ́ẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ẹ ka nǹkan mẹ́rin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i: ìbọn, ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ọta, ọ̀nà. Kí ni ọdẹ ilé ní lọ́wọ́? Ṣakabùlà tàbí ìbọn onípẹ́lẹ́ẹ̀tì. Ibo ló ti ń yìn ín? Nínú igbó tí ewé dí, lóru, pẹ̀lú iná tó so mọ́ iwájú orí, ní ogójì ìṣísẹ̀ tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ewé tó sún mọ́ jù ni lésà yín máa lù, á sì sọ fún un pé ewé wà níwájú. Bátìrì rẹ̀ á kú, kò ní rí irú rẹ̀ rà lábúlé. Ìbọn rẹ̀ kò sì ní ibi tí awò náà lè jókòó sí. Àkàbà irin ẹ fẹ́ gbé fún ẹni tí kò ní Snider.

Òfin tún wà. Níbí, awò ìbọn fúnra rẹ̀ kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá, ìbọn ló nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkó o jáde kúrò nílùú jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Awò ìbọn wà lára ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣọ́ níbodè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló sì ń fẹ́ ìwé àṣẹ kí ó tó lè jáde. Bí ẹ bá fi pamọ́ sáàárín ìrẹsì àti bàtà, ẹ̀yin ni wọ́n máa bi. Nílé náà, òfin ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ṣì wà. Ráífù irú ti ológun, bíi 7.62 mítà-kékeré, wà lára ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní. Ṣakabùlà pàápàá ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá ká awò olówó iyebíye mọ́ ẹ̀gbọ́n yín lọ́wọ́ ní ojú ọ̀nà, ta ni yóò gbà pé ọdẹ ni? Ẹ lè fi ẹ̀bùn yín sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń fura sí.

Àwọn kan á ní, "Ṣé kí a wá jókòó, kí a máa wò wọ́n?" Rárá. Àwọn ará Èkó kò jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó jẹ́ kí owó wọn so èso: wọ́n mọ ohun tí ará ilé nílò, wọ́n fi ènìyàn tó ní ìmọ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì tún ń bá ìjọba àti àwọn ọba sọ̀rọ̀ títí àlàáfíà fi dé. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú lóru nílò bàtà tó dára, iná tó mọ́lẹ̀, epo alùpùpù, àti ohun tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ẹni tó fara gbọgbẹ́ tó dé ọsibítù. Ìyàwó rẹ̀ nílò ẹni tó máa san owó ilé ìwé ọmọ bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí i. 1,000 pọ́n-ùn á ṣe púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí, kò sì sí aṣọ́bodè tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ gba ọwọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú yín àti àwọn tí ìjọba ìpínlẹ̀ mọ̀.

Ìdáhùn mi nìyẹn. Bí ọ̀nà bá jìn, tí o ti kọ́ ìbọn dójú àmì, tí o sì ní ìwé àṣẹ, ra ìwọn-ọ̀nà, ṣùgbọ́n ra èyí tí o lè mú lọ́wọ́. Bí ọ̀nà kò bá jìn, kọ́ ojú rẹ. Bó bá jẹ́ pé ilé ni ọkàn rẹ wà, pe ẹ̀gbọ́n rẹ lórí fóònù lónìí, kí o bi í léèrè ohun tó nílò gan-an. Mo lérò pé lésà kò ní sí nínú ohun tó máa kà.